Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìdíje ìtàn kíkọ: ẹ dá ìtàn òkú ogun padà sínú ìdíje àwọn ọmọ wa

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje ìtàn kíkọ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ìkéde tí ẹ fi síta lórí ìdíje ọdún yìí ló mú mi kọ ìwé yìí. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ẹ kò ní gba ìtàn kankan tí òkú bá ti dìde rìn láàárín ogun, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní ìtàn zombie, ẹ sì ti dá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó wọlé padà fún àwọn tó kọ ọ́. Mẹ́ta nínú wọn wá láti ọwọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó kó wọn padà fún wa sọ fún mi pé bí òun ṣe rí ọ̀rọ̀ òkú ní ojú ewé àkọ́kọ́ ni òun pa ìwé náà dé. Ìdí mẹ́ta lẹ tò kalẹ̀: pé àṣà òyìnbó ni, pé ó ń tàbùkù sí àwọn tó ti kú, àti pé ó ń da ìtàn ilẹ̀ wa rú. Gbangba lẹ ti ṣe ìkéde náà, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ti ń fi ṣe òfin nínú kíláàsì wọn, nítorí náà ni mo ṣe ń fèsì ní gbangba.

1. Kí n tètè sọ ti àṣà òyìnbó, nítorí kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sí Saint-Domingue, apá kan erékùṣù kan níbi tí àwọn Faransé ti ń fi ẹrú gbin ìrèké, ni wọ́n ni ìtàn òkú tí a jí kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ikú pàápàá lè má gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Àwọn ẹrú wọ̀nyí ni wọ́n dìde ogun ní 1791, tí wọ́n sì sọ ibẹ̀ di orílẹ̀-èdè Haiti ní 1804. Ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn. Ogou tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ títí dòní, Ògún wa ni. Ó di 1932 kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó fi ìtàn náà ṣe fíìmù, ó sì di 1968 kí George Romero, onífíìmù Amẹ́ríkà kan, tó sọ òkú náà di ẹni tó ń jẹ ẹran ara ènìyàn. Èyí tí a rí lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí, ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn ti tún ṣe ni. Nílé níbí, ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí, ẹni tó ti kú ní ìlú kan tí wọ́n tún rí i níbi tó ti ń tajà ní ìlú mìíràn? Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó nílò ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òyìnbó kí ó tó lè ronú pé òkú lè má dúró síbi tí wọ́n sin ín sí.

2. Ẹ̀sùn pé ìtàn bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù sí òkú ló wúwo jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí.

Ní 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kò tíì parí, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Abel Gance ń ya fíìmù tó pe orúkọ rẹ̀ ní J'accuse, èyí tó jáde ní 1919. Ní apá ìparí rẹ̀, àwọn sójà tó ti kú dìde níbi tí wọ́n ṣubú sí, wọ́n sì rìn padà sí abúlé wọn láti lọ wò ó bóyá àwọn tó kù láyé ń gbé ìgbé ayé tó yẹ ikú tí àwọn kú. Sójà gidi, tó gba ìsinmi ráńpẹ́ kúrò lójú ogun, ni Gance fi ṣe àwọn òkú náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà sójú ogun tí wọ́n sì kú níbẹ̀. Nígbà tí ogun mìíràn tún ń bọ̀ ní 1938, ó tún fíìmù náà ṣe, ó sì kó àwọn tí ogun àkọ́kọ́ ti ba ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ wá sínú rẹ̀. Láàárín fíìmù méjèèjì yìí, ní 1936, Irwin Shaw kọ eré orí ìtàgé kan ní Amẹ́ríkà, Bury the Dead, nínú èyí tí òkú sójà mẹ́fà ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n sin àwọn. Ẹ̀yin àgbà wa, ṣé àbùkù lèyí? Àwọn tó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ pé bí òkú ogun bá lè sọ̀rọ̀, ó ní ìbéèrè tó máa bi àwọn tó rán an lọ.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo irú iṣẹ́ yìí ló rí bẹ́ẹ̀. Láti 1941 àti 1943 ni wọ́n ti ń fi òkú tó ń rìn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ogun Hitler nínú fíìmù Amẹ́ríkà, àti láti 2008 ni eré kọ̀ǹpútà ti gbé òkú sójà Násì dé iwájú àwọn ọmọ wa, tí iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe eré náà kò ju kí ó máa yìnbọn lọ láìdúró. N kò rí ẹ̀kọ́ ogun kankan nínú ìyẹn. Àwọn tó ṣe é yan Násì nítorí pé kò sí ẹni tó máa gbèjà wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi òkú náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé irú èyí nìkan ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, à bá sì jọ wà ní ìhà kan náà. Ẹ wo bí Justina Ireland ṣe gbà á ní 2018 nínú ìwé rẹ̀ Dread Nation: òkú dìde lójú ogun Gettysburg, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dáwọ́ dúró nítorí wọn, wọ́n sì ń fi ipá kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ kọ́ bí wọn yóò ṣe máa bá òkú jà kí àwọn aláwọ̀ funfun lè sùn. Ìtàn òkú ni, ṣùgbọ́n ìtàn ẹrú ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

3. Ẹ jẹ́ kí n wá sí ilé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ṣí sílẹ̀, Gómìnà Gilbert Carter rán ọmọ ogun láti Èkó, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott ló sì darí wọn. Wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Àwọn Hausa tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú wọn, tó fi jẹ́ pé ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ní kí ó wá pa wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, létí odò Yemoji; ní ọjọ́ kejì wọ́n ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka òkú tiwọn. Òkú tiwa, wọ́n fojú bù ú ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ẹ dá ìtàn wọn padà kọ̀wé lórí odò yìí. Nínú ìtàn tirẹ̀, àwọn tó kú létí Yemoji máa ń dìde ní alẹ́, wọ́n sì máa ń tò sójú ibi tí ènìyàn ti ń la odò kọjá, nítorí pé kò sí ẹni tó wá sọ fún wọn pé ogun ti parí. Wọn kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọjá ni wọ́n ń dá dúró, ì báà jẹ́ ọmọ wọn. Ìbọn Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan kò lè pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lára wọn ló wá rí i pé bí a bá pe orúkọ ọ̀kan nínú wọn, tí a sì sọ ilé tó ti wá, ẹni náà yóò jókòó, kò sì ní dìde mọ́. Ìyókù ìtàn náà ni bí obìnrin yìí ṣe ń lọ láti agboolé dé agboolé, tó ń bèèrè pé ta ló lọ tí kò padà. Ibi tó ti ń ṣe mí láàánú jù ni ibi tó dé agboolé kan tí wọ́n sọ fún un pé àwọn kò rántí mọ́.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ ronú sí ìtàn yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣà tí àwọn baba wa ní. Nígbà tí ẹnì kan bá kú sí ogun tàbí sí ọ̀nà jíjìn tí kò ṣeé gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú bọ̀, kí ilé lè rí nǹkan sin. Wọn kò fi òkú ogun sílẹ̀ láìsin bí agbára wọn bá ká a. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló kọ ìtàn yẹn, àwọn tí kò rí irun tàbí èékánná wọn sin ló sì kọ ọ́ fún. Ẹ wá sọ fún un pé ó tàbùkù sí wọn.

4. Ìdí kẹta yín ni pé irú ìtàn yìí ń da ìtàn ilẹ̀ wa rú. Ó lè dà á rú lóòótọ́, mo sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ. Ìtàn kejì dá lórí ogun Òwu, ìyẹn ogun tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pawọ́ pọ̀ jà ní àwọn ọdún 1820 títí Òwu fi tú. Ọmọ tó kọ ọ́ gbé ìbọn arọ̀jò-ọta lé àwọn jagunjagun lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí balógun kan tẹ fóònù. Ká ní èmi ni mo jókòó sí ipò yín, èmi náà á dá a padà. Ṣùgbọ́n n ó kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé: ogun lo kò mọ̀, òkú kò ṣẹ̀ ọ́.

Nínú irú ìtàn yìí, ohun ìjà àti ìgbà ló ń dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbọn ṣakabùlà ní láti da ẹ̀tù sí i, kí ó ki ọta bọ̀ ọ́, kí ó fi ọ̀pá gún un, kí ó tó lè yìn ín. Lẹ́yìn tó bá yìn ín, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá tutù, kò ní dún, oṣù karùn-ún tí wọ́n sì jà ní Ìmàgbọ̀n, oṣù òjò ni. Ẹ fojú inú wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ níwájú ohun tí ọta kan kò lè dá dúró. Ìbọn Maxim, tí Hiram Maxim ṣe ní 1884, ń yin ọta bí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá kọ́ ìyàtọ̀ méjì yìí nítorí pé ó fẹ́ kí ìtàn òkú rẹ̀ dẹ́rù bani ti mọ ìdí tí Ìjẹ̀bú, tó kó ìbọn jọ ju ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lọ nítorí òwò etíkun, kò fi lè dúró ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ní 1892. Mo ti kọ́ni ní ìdí yìí láti orí bọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́, kò wọ ọ̀pọ̀ wọn létí.

Ẹni tó kọ ìtàn Òwu yẹn, mo ní kí ó lọ ka ohun tí Samuel Johnson kọ nípa ìsàgatì ìlú náà, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ebi pa àwọn ará Òwu nínú odi wọn débi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pòpòǹdó, irú ẹ̀wà kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ó ti ń tún ìtàn náà kọ báyìí. Fóònù ti kúrò, odi àti ebi ló kù, ó sì ti ń bi mí pé kí ni a ń jẹ nínú odi bí pòpòǹdó bá tán. Ìbéèrè onítàn nìyẹn.

Ìtàn kẹta, ti ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Dìfísọ̀nù 81 jà ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn nínú igbó nítorí pé kò sí ọ̀nà mọ́tò. Ọmọ náà mọ èyí, ó sì lò ó: ibi tí páráṣúùtì bá balẹ̀ sí ni àwọn òkú máa ń rìn lọ. Ó ṣì ní àṣìṣe púpọ̀ nínú gírámà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ogun tó ń kọ.

5. Ibì kan wà tí mo ti fara mọ́ ìṣọ́ra yín, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun gbogbo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣí sílẹ̀. Ogun 1967 sí 1970 kò tíì jìnnà sí wa. Àwọn opó rẹ̀ wà láàyè, àwọn tó ń retí ẹni tí kò padà wà láàyè, ní ìhà méjèèjì. Kò yẹ kí ọmọ kankan mú orúkọ ẹni gidi tó kú nínú ogun yẹn kí ó sọ ọ́ di òkú tó ń jẹ ènìyàn. Bákan náà, Òwu tí a tú ní àrọ́mọdọ́mọ ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá; ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń kọ ogun Òwu ń kọ nípa ìlú tí àwọn baba rẹ̀ wà lára àwọn tó pa á run, ó sì yẹ kí a rí i nínú ìwé rẹ̀ pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Rẹ́mọ náà ní ti wọn: ìjà àti àìfọkànbalẹ̀ ló mú kí àwọn ìlú kan kó ara wọn jọ di Ṣàgámù ní 1872, ìrántí àwọn ìjà wọ̀nyẹn kò sì tíì kúrò nínú oríkì. Ohun tí èyí ń béèrè ni ìlànà lórí ohun tí a kò gbọdọ̀ fi òkú ẹlòmíràn ṣe. Òfin tó ní kí ọmọ má fẹnu kan òkú rárá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí. Ohun tí yóò mú wá ni pé ọmọ yóò kọ ogun tí kò sí ẹni tó kú nínú rẹ̀, a sì ti ní irú rẹ̀ pọ̀ tó: balógun borí, ìlú jó, wọ́n fi adé lé ọba lórí, ó tán.

6. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fagi lé ìkéde náà, kí ẹ sì kọ ìfagilé náà síbi tí ẹ kọ òfin náà sí, kí àwọn olùkọ́ tó ti ń lò ó lè rí i. Ẹ fi ìlànà rọ́pò rẹ̀: kí ọmọ tó bá kọ ìtàn ogun, ì báà ní òkú tó ń rìn tàbí kò ní, fi ojú ewé kan tì í tó sọ ọdún ogun náà, ibi tí wọ́n ti jà á, ohun ìjà tí wọ́n lò, àti ìwé tàbí àgbàlagbà tó ti gbọ́ ọ. Kí ó jẹ́ èèwọ̀ láti fi orúkọ ẹni gidi tí ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé ṣe òkú abàmì. Ẹ fi ẹnì kan tó mọ ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kún àwọn adájọ́, nítorí pé ọ̀mọ̀wé gírámà nìkan kò lè mọ̀ bí ìbọn bá wọ ogun kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ẹ gba àwọn ìtàn tí ẹ dá padà láìkà, kí ẹ kà wọ́n dé òpin, kí ẹ sì fún wọn ní máàkì bí ẹ ṣe ń fún àwọn yòókù. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí èyíkéyìí nínú wọn gba ẹ̀bùn. Ti Òwu kò tíì dára tó láti gbà á. Ti Yemoji dára tó, mo sì gbà kí ẹ kà á fúnra yín kí ẹ jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú mi.

Ọjọ́ tí ẹ ó ti gba ìtàn wọlé kù díẹ̀ kó pé. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi ojú ewé àlàyé ogun ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe sọ lókè yìí. Ẹ sọ ọjọ́ àti ọ́fíìsì tí mo máa kó wọn wá fún mi, n ó sì mú àwọn ọmọ náà dání, kí wọ́n lè gbọ́ èsì yín láti ẹnu yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó.